Ẹni Tó Fi Ẹnu Ìyá Mi Parọ́

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn máa jí láràárọ̀, kí orúkọ ẹnìkan sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó fọ eyín. Kì í ṣe orúkọ ẹni tí mo fẹ́ràn. Mi ò ní dárúkọ náà níbí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bò ó láṣìírí. Inú mi kàn ń dùn ni pé tí èmi ò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀.

Rolla là ń gbé nígbà náà, nílùú Sharjah, èmi àti màmá mi, lókè ilé kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì ṣọ́ọ̀bù: ẹni tó ń tún aago ṣe, ẹni tó ń rán aṣọ, ẹni tó ń yá àwọn èèyàn ní fídíò. Bàbá mi wà ní Èkó. Màmá mi á ra ọjà ní Deira, àdúgbò ọjà kan ní Dubai, á fi ránṣẹ́ nínú kágò, bàbá mi á gbà á ní Àpápá, á sì tà á. Léèsì, ìkòkò, fáànù, bàtà ọmọdé, ohunkóhun tó bá ti ń yá lọ́jà lásìkò náà. Yàrá méjì la ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan kún fún páálí débi pé ńṣe là ń fẹ̀gbẹ́ rìn níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀lé màmá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Màá dúró nílẹ̀, màá máa ju ìdì aṣọ sókè sí ẹni tó ń tò ó nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni apá mi ti le. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju nǹkan kó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jù ú sí gẹ́lẹ́, torí tí ìdì léèsì bá bọ́ sínú iyanrìn, ọ̀rọ̀ á di ti màmá mi.

Ilé ìwé mi wà ní apá Al Qusais, lẹ́yìn ààlà, lọ́wọ́ Dubai. Àárọ̀ kùtùkùtù ni bọ́ọ̀sì máa ń gbé wa, síbẹ̀ a kì í yára dé, nítorí gbogbo ọkọ̀ Sharjah ló ń lọ sí Dubai lásìkò kan náà. Ọmọ India pọ̀ nílé ìwé náà, ọmọ Pakistan, ọmọ Egypt, ọmọ Philippines. Àwa ọmọ Nàìjíríà kò pọ̀. Mi ò mọ̀wé ju ẹgbẹ́ mi lọ, mi ò sì gbẹ́yìn. Tí tíṣà bá ń ṣàlàyé máápù, ojú fèrèsé ni mo máa ń wò. Kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ mí mọ́ níbẹ̀ títí di ọdún tí tíṣà eré ìdárayá tuntun dé láti Canada.

Ọkùnrin gíga kan ni, pupa bí ẹni tí oòrùn ń jẹ lójoojúmọ́. Ó kó àpò kan wá tí igi àti ìbọ̀wọ́ awọ ńláńlá wà nínú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ wa ní bésíbọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn ọ̀lẹ ni. Tíṣà mú igi kan jáde. Ó ṣàlàyé fún wa pé ẹnìkan á máa ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkejì á dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú igi. Tí ẹni tó mú igi bá fì í tí kò bà á, àṣìṣe kan nìyẹn. Tí bọ́ọ̀lù bá gba ibi tó yẹ kó gbà kọjá tó sì kàn ń wò ó láì fi igi sí i, àṣìṣe náà ni. Àṣìṣe mẹ́ta, ó ti jáde. Tó bá sì gbá a, á sáré yí pápá ká, bó bá padà dé ibi tó ti gbéra, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì kan. Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ju bọ́ọ̀lù sí òun kí òun wò ó. Nígbà tó kàn mí, mo jù ú bí ẹni ju ìdì léèsì. Ó mú un, ó yọ awò oòrùn rẹ̀, ó ní kí n tún un jù.

Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe olórí ẹgbẹ́ kí n tó wọ ẹgbẹ́ ni ọmọkùnrin Yorùbá kan tó fi ọdún méjì jù mí lọ. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ epo. Ilé tó ní ọgbà ni wọ́n ń gbé ní Dubai, dírẹ́bà ló sì ń gbé e wá sílé ìwé. Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi pé ọmọ ilé ni, ó sì jù mí lọ, nítorí náà bọ̀ọ̀dá ni kí n máa pè é. Mo ń pè é bẹ́ẹ̀. Màá ní, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá," òun náà á mi orí bí ẹni tí géètìmáànù kí.

Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kí tíṣà tó rí apá mi. Lọ́jọ́ tí tíṣà gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbé e fún mi, tó ní kó lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán kó máa ṣa èyí tí wọ́n bá gbá síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní mo kú oríire o, àbúrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá rántí ìdúpẹ́ yẹn báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n padà lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

A ń múra láti bá àwọn ọmọ kíláàbù kan ní Dubai ta. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Bó ṣe kù díẹ̀ ni tíṣà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, ṣùgbọ́n òun bọ̀wọ̀ fún àṣà ilé wa, òun kò sì fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti òbí mi. Ó ní bí mo bá fẹ́, mo lè máa bá wọn gbé omi. Mi ò lóye ohun tó ń sọ. Mo rò pé ńṣe ni wọ́n lé mi, tó kàn ń fi èdè pẹ̀lẹ́ bò ó. Ọmọdé ni mí, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè bi tíṣà pé kí ló ní lọ́kàn. Mo ní, "Ó dáa, sà."

Mo gbé omi lọ́jọ́ náà. Mo dúró sẹ́yìn okùn, mò ń wo olórí ẹgbẹ́ wa bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ kíláàbù ń gbá a káàkiri. Wọ́n nà wá débi pé àwọn òbí tó wá wòran dákẹ́. Ó wá mu omi lọ́wọ́ mi, kò wo ojú mi. Mi ò sọ fún màmá mi pé wọ́n lé mi. Ojú ń tì mí.

Ìgbà tí ooru dé, tí ilé ìwé fẹ́ gba họlidé, ni mo tó gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Èmi àti màmá mi wà nínú ilé ìtajà kan ní Deira, à ń ra ohun tá a máa jẹ lọ́sẹ̀ náà, ni tíṣà yọ sí wa pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́. Ó kí màmá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní òun ń lọ sílé fún họlidé, ṣùgbọ́n kóun tó lọ, òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ mi rò, torí òun kò tíì rí ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Màmá mi bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni kóun tún rò. Tíṣà ní ìkìlọ̀ tí màmá mi ṣe ni, pé òun kò fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa bá àwọn ọkùnrin ṣeré mọ́. Ó ní olórí ẹgbẹ́ ló jẹ́ iṣẹ́ náà fóun. Màmá mi ló sọ ọ́ fún màmá ọmọkùnrin náà, màmá ọmọkùnrin náà ló ní kó wá sọ fóun, nítorí ojú ń ti èmi láti sọ ọ́ fúnra mi.

Mo la ẹnu. Màmá mi fún mi lọ́rùn ọwọ́ títí ó fi dùn mí dé eegun. Ó rẹ́rìn-ín sí tíṣà, ó ní òun á rò ó, ó ní kó kí àwọn ará ilé, kó rìnrìn àjò re. Tíṣà lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Àwa jáde sínú ooru.

Màmá mi nawọ́ sí takisí kan. Nígbà tá a délé, ó jókòó sórí páálí kan, ó bọ́ gèlè.

"Ṣé o gbọ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí?"

"Rárá, mà."

"Yàtọ̀ sí ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé o ti rí èmi àti ìyá rẹ̀ ká jọ dúró sọ̀rọ̀?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ fún tíṣà? Ó wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ ì bá ti sọ ọ́."

"Kí n sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta tòmátò? Kí tíṣà pè é, kó ní má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kó ní sọ́rì, kó sì tán? Ẹnu mi ló fi parọ́. Níbi tó bá ti ń yangàn, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń wò ó, ibẹ̀ ni màá ti gba ẹnu mi padà lọ́wọ́ rẹ̀." Ó ká gèlè náà. "Máa pè é ní bọ̀ọ̀dá lọ. Má jẹ́ kó fura."

Mi ò tíì rí màmá mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń fi sùúrù ná ọjà, tó máa ń jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé sùúrù náà ní eyín.

Ẹni tí kò bá tíì lo ìgbà ooru ní Sharjah kò mọ bí ọjọ́ ṣe ń gùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó lówó ti lọ sí ìlú wọn. Àwọn tó kù wọlé síbi ẹ́síì, wọn kì í jáde àfi tí oòrùn bá wọ̀. Èmi á dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ láàárín páálí, màá máa ro ohun tí mo lè ṣe fún un. Mo rò ó pé màá bu ata gígún sínú bàtà rẹ̀. Mo rò ó pé màá sọ fún gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ pé ó ń tọ̀ọ́lé. Mo rò ó pé màmá mi á kó lọ sí Èkó, màá dàgbà níbẹ̀, màá di ọ̀gá níbi tó ti máa wá wáṣẹ́, màá sì jẹ́ kó jókòó síta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, mo máa ń tún un rò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sùn.

Nígbà tí màmá mi bá lọ sí Deira, màá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù fídíò tó wà nísàlẹ̀. Ará Kerala, ní India, ló ni ín. Ó to ẹ̀rọ géèmù díẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, téèyàn bá sanwó, á jókòó ta títí tí ọkùnrin náà á fi sọ pé, "Yalla, khalas," pé ó ti tó, kó dìde. Ó mọ màmá mi, ó sì fi àga kan sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí àwọn ọmọkùnrin má bàa máa tì mí. Níbẹ̀ ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹni tí mò ń rò ṣáá ti ilẹ̀kùn wọlé. Géèmù ìjà tuntun kan ló gbé e wá. Kò tíì sí lọ́dọ̀ tiwọn ní Dubai, ó ní. Dírẹ́bà rẹ̀ dúró síta.

Mo kí i. Mo ní, "Ẹ káàsán, bọ̀ọ̀dá." Ó ní ṣé ibí ni mo ń gbé, ó sì wo àjà bí ẹni pé ó fẹ́ já lé e lórí.

Ó di pé ó ń wá lemọ́lemọ́. Géèmù náà, èèyàn méjì ló ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀, ẹni méjì sì ló ń ta á. Ó mọ̀ ọ́n ta. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ti máa sáré lọ bá ẹni kejì, á máa da ìpá àti ẹ̀ṣẹ́ bò ó kí onítọ̀hún tó mọ ibi tó dúró sí. Gbogbo àwọn ọmọ Rolla ló nà. Ó pè mí kí n wá bá òun ta. Mo lọ, ó nà mí, ó rẹ́rìn-ín. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kíyè sí ohun kan: tí mo bá fà sẹ́yìn díẹ̀, tí mi ò ṣe nǹkan kan, kì í lè dúró. Ọwọ́ rẹ̀ á máa já lórí bọ́tìnì. Á ta ìpá sínú afẹ́fẹ́ níbi tí kò sẹ́nìkan, ojú ibẹ̀ á sì ṣí sílẹ̀ pátápátá. Mo lè nà án níbẹ̀. Mi ò nà án. Mo jẹ́ kó nà mí ní gbogbo ìgbà ooru yẹn, mo jẹ́ kó máa sọ fún àwọn ọmọ tó kù pé ọmọbìnrin kò mọ géèmù, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí ooru bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, màá gun orí òrùlé ilé wa pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì sára ògiri ibi tí tánkì omi wà. Bí mo ṣe ń ju bọ́ọ̀lù kíkankíkan ti tó, ohun tí mò ń wá ni bí wọ́n ṣe ń jù ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí apá sì máa lọ bí ẹni pé ó yá. Ó gbà mí lọ́jọ́ púpọ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé tí mo bá ki bọ́ọ̀lù wọ inú àtẹ́lẹwọ́ dípò kí n fi orí ìka mú un, apá mi á sáré, bọ́ọ̀lù kò ní sáré. Á máa bọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Màmá mi gòkè wá lálẹ́ kan láti ká aṣọ. Ó dúró wò mí. Ó ní ṣé èyí ni mo máa jù fún un. Mo ní òun ni. Ó ká aṣọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu.

Bí ooru ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, tí ilé ìwé ti wọlé, màmá mi múra lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀, a wọ takisí lọ sí Dubai, sí pápá àwọn ọmọ kíláàbù tó na ilé ìwé wa. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan ló ń kọ́ wọn. Màmá mi fi òyìnbó ọjà rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀: ó ní òun ní ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù jù, ṣé wọ́n ń gba ọmọbìnrin. Obìnrin náà ní ọmọbìnrin mélòó kan wà lọ́wọ́ àwọn. Màmá mi ní ó dáa, kó wò mí kó tó sọ̀rọ̀ mìíràn, kó má gba ohun tí kò yẹ̀ wò. Mo ju bọ́ọ̀lù. Obìnrin náà pe ọkùnrin kan wá, ó ní kí n tún un jù lójú rẹ̀. Wọ́n fún mi ní fìlà lọ́jọ́ náà.

Nílé ìwé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà ti padà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. Olórí ẹgbẹ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé, ó ní ṣé bọ́ọ̀lù kì í wù mí mọ́. Mo ní, "Kì í wù mí mọ́, bọ̀ọ̀dá." Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó, mi ò lè ka ìwé tó wà níwájú mi, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwé wa tún bá kíláàbù ta nígbà tí otútù díẹ̀ ti ń fẹ́ láàárọ̀. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ nìyẹn náà. Àwọn òbí ti to àga sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Màmá mi mú àga tiwa láti inú ọjà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Èkó, kò tiẹ̀ yọ ọ̀rá ara rẹ̀. Ó yọjú sí màmá àti bàbá ọmọkùnrin náà, ó kí wọn, ó sì gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n rò pé ó wá wòran ni.

Mo fa fìlà bojú títí mo fi dé àárín pápá. Nígbà tí olórí ẹgbẹ́ wa mú igi wá síwájú mi, mo ṣí fìlà sókè díẹ̀ kó lè rí mi dáadáa. Ó wò mí. Ó wo tíṣà. Ó tún wò mí.

Mo fẹ́ pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló fà á tí mo fi ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù lọ jìnnà. Ó sáré yí pápá ká, bó sì ṣe ń kọjá lẹ́yìn mi, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò." Bàbá rẹ̀ dìde pàtẹ́wọ́. Ojú mi ṣú. Mo wo ẹ̀gbẹ́ pápá, màmá mi jókòó bó ṣe jókòó, ó ń bó èpà. Kò wò mí. Mo wá rántí pé mi ò bá ìbínú wá síbí. Nǹkan tí mo ti ń dáná sí láti ìgbà ooru ni mo bá wá, kò sì yẹ kí n gbé e kalẹ̀ kó tó jinná.

Nígbà tó padà wá, mo ki bọ́ọ̀lù sínú àtẹ́lẹwọ́. Apá mi sáré. Ó ti fi igi gba afẹ́fẹ́ tán kí bọ́ọ̀lù tó dé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo tún ju ìyẹn náà. Ó tún fì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, ó di ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rí i bó ṣe ń fi eyín jẹ ètè, tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kó dúró, kó dúró. Kò lè dúró. Ó jáde. Ó ju igi mọ́lẹ̀, tíṣà sì bá a wí lójú gbogbo èèyàn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, àwa kíláàbù fi díẹ̀ ṣíwájú, ọmọ ilé ìwé wa méjì sì ti wà lójú ọ̀nà yíká pápá, tó jẹ́ pé bí ẹni tó kàn bá gbá a, wọ́n ti borí. Òun ló tún kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti pinnu láti ní sùúrù. Mo rí i ní èjìká rẹ̀. Mo jù ú kíkankíkan, ó ń dúró de èyí tó rọra, ó kọjá lójú rẹ̀. Mo tún jù ú kíkankíkan. Ó tún wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá, ó wo ojú mi, kì í ṣe fìlà mi, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Mo rọra mi orí sí i bó ṣe máa ń mi orí sí mi láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ju èyí tó gbẹ̀yìn, ní àárín gbungbun, níbi tí ọmọ kékeré lè gbá a. Igi kò kúrò léjìká rẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàbù gbé mi. Bí wọ́n ṣe gbé mi kalẹ̀ ni tíṣà dé ọ̀dọ̀ mi. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun kò mọ̀ pé màmá mi ti gbà. Màmá mi ti dìde. Ó gbọn èèpo èpà kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì pe ọmọkùnrin náà. Kò pariwo.

"Wá níbí. Tíṣà rẹ ní o jẹ́ iṣẹ́ kan fún òun láti ẹnu mi. Tún un jẹ́ kí èmi náà gbọ́."

Màmá rẹ̀ sún mọ́ wa, ó ní iṣẹ́ wo. Màmá mi ní kó má bínú, ọ̀rọ̀ náà kàn án, torí ọmọ náà sọ fún tíṣà pé ìyá òun ló rán òun níṣẹ́ náà. Ó wá ṣàlàyé lédè Yorùbá, lẹ́yìn náà lédè òyìnbó, kí bàbá ọmọkùnrin náà tó wà nítòsí àti ẹgbẹ́ tó ń kó igi sínú àpò lè gbọ́. Màmá ọmọkùnrin náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi?" Ohun tó sọ nìyẹn.

Ó wo ilẹ̀ títí. "Mo parọ́, mà."

"Tíṣà rẹ kò gbọ́ Yorùbá," màmá mi ní. "Sọ ọ́ bó ṣe máa yé e."

Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré, tíṣà ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí mo ti gbé omi fún, dúró láì mira. Mo wò ó dáadáa. Mo fẹ́ rí gbogbo rẹ̀: etí rẹ̀ tó pọ́n, bí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe mọ ibi tó máa wà. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀san kì í dùn tó bí èèyàn ṣe rò. Tèmi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tá a padà sílé ìwé lẹ́yìn ìsinmi náà, tíṣà fi ẹlòmíràn ṣe olórí ẹgbẹ́. Ó bẹ̀ mí kí n padà wá. Mo ní mo ti ní ẹgbẹ́ tèmi. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, bó bá ti sọ nǹkan, pé ṣé màmá ta ló rán an. Mi ò dá sí i, mi ò sì ní kí wọ́n dákẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni màmá rẹ̀ mú un wá sílé wa. Obìnrin náà gun àtẹ̀gùn wa pẹ̀lú bàtà gíga, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí àga tó ṣófo, ó jókòó sórí páálí. Màmá mi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ó bẹ̀bẹ̀ gan-an. Ó ní ọmọ òun kì í jẹun dáadáa mọ́, ọmọ náà ní òun kò ní lọ sílé ìwé yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ ó máa ṣèdánwò ńlá lọ́dún náà. Ó ní tí mo bá lè bá tíṣà sọ̀rọ̀, kí wọ́n dá a padà sí ipò rẹ̀. Màmá mi ní òun ti gbọ́, òun sì ti gbà fún ti òun, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n lé kúrò nínú eré, ọ̀dọ̀ mi ni kí wọ́n ti béèrè.

Obìnrin náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín páálí méjì, ẹni tó fi ọdún méjì jù mí lọ, àyè náà kò sì gbà á dáadáa. Ó ní kí n má bínú. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

"Dìde," mo ní. "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá tíṣà sọ nǹkan kan."

Obìnrin náà wo màmá mi, bí ẹni tó ń retí kó bá mi wí. Màmá mi ń wo inú ife rẹ̀. Wọ́n dágbére, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. À ń gbọ́ bàtà gíga yẹn títí dé ìsàlẹ̀.

Màmá mi ní ká ní òun ni, òun ì bá ti dárí jì í. Mo ní mo mọ̀. Kágò ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, páálí bàtà ọmọdé sì wà nílẹ̀ tá ò tíì dì. Ó mú àlùmọ́gàjí, mo mú téèpù, mò ń fà á, ó ń gé e.